Rye Lane àti Àwọn Àlejò Rẹ̀

Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ti di ibi tí àwọn ènìyàn ń wá ṣe fàájì. Bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn ọ̀dọ́ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìlú náà a máa gun òkè ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà tó wà lẹ́bàá Rye Lane ní ìrọ̀lẹ́, wọn a mu ọtí, wọn a sì máa wo àwọn ilé gogoro àárín ìlú lókèèrè. Ní ọdún 2023, Raine Allen-Miller ṣe fíìmù kan, orúkọ òpópónà yìí gan-an ló sì fi pè é. Ìbéèrè tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ máa ń mú wá ti pẹ́ lẹ́nu àwọn erékùṣù kéékèèké tó ń jẹun lára ìrìn-àjò afẹ́, bíi Jàmáíkà, Barbados, Cape Verde àti Maldives: báwo ni ènìyàn ṣe lè gba èrò rẹpẹtẹ lálejò láìjẹ́ pé ibi tí wọ́n wá wò bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, tí owó tí wọ́n ná kò sì ní padà sí ìlú tí wọ́n ti wá? Peckham kò ní òkun, kò sì ní ìjọba tirẹ̀, síbẹ̀ ìtàn rẹ̀ láti bí ọgọ́jọ ọdún fún wa ní èsì kan tí mo gbà pé ó wúlò fún òun àti fún àwọn erékùṣù náà. Àlejò tó ń ra ohun tí ará àdúgbò ń rà kì í lé ará àdúgbò lọ. Àlejò tó wá fún nǹkan mìíràn lè lé e, àfi bí ará àdúgbò bá ní àṣẹ lórí ilẹ̀ tó dúró lé.

Títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oko àti ọgbà ẹ̀fọ́ ṣì pọ̀ ní Peckham. Àwọn tó fẹ́ràn ewì mọ̀ ọ́n nítorí William Blake, tó sọ pé òun rí áńgẹ́lì lórí igi ní Peckham Rye nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ní àwọn ọdún 1760. Ọkọ̀ ojú irin ló yí ìtàn padà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1865 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ Peckham Rye, èyí tí Charles Henry Driver ya àwòrán rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di 1867, Jones & Higgins ti ṣí ilé ìtajà wọn sí orígun Rye Lane. Holdron's náà tẹ̀ lé wọn, òpópónà náà sì gbilẹ̀ débi pé Máìlì Wúrà ni wọ́n ń pè é. Àwọn obìnrin láti Nunhead, Camberwell, Dulwich àti New Cross a máa wọkọ̀ wá ra aṣọ, bàtà, àwo àti kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ohun kan náà ni obìnrin tó ń gbé ẹ̀yìn Rye Lane ń rà. Bí èrò bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọjà tó wà fún ará àdúgbò ń pọ̀ sí i tí ó sì ń dẹ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò sì rí iṣẹ́ ọmọ ọjà ṣe nínú rẹ̀.

Ohun tó fọ́ ètò yìí kò wá láti ọ̀dọ̀ èrò tó ń rajà. Holdron's di ti Selfridge, ó wọ inú àwùjọ ilé ìtajà tí Selfridge ní káàkiri; ní 1940, John Lewis ra àwùjọ náà lódindi, pẹ̀lú Bon Marché ti Brixton àti Pratts ti Streatham. Kí àwọn ọdún 1940 tó parí, Holdron's ti di ohun àtijọ́. Ogun ti ba òwò jẹ́ nígbà náà, n kò sì ní sọ pé títà tí wọ́n tà á nìkan ló pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpinnu kù sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri, Peckham di ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé ìṣirò, ó sì rọrùn láti pa á rẹ́. Jones & Higgins dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí di 1980. Ilé ìṣọ́ alágogo rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà dòní, ilé Holdron's náà sì wà níbẹ̀, tí àwọn oníṣòwò mìíràn ń lò ó.

Irú àlejò mìíràn tún wà ní Peckham nígbà tí àwọn ilé ìtajà wọ̀nyí ń gbilẹ̀, àwọn àlejò tí kò rí ibùsùn. Harold Moody wá láti Kingston ní Jàmáíkà ní 1904 láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní King's College. Ó yege, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kò gbà á síṣẹ́ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ó sì ṣí ilé ìtọ́jú tirẹ̀ ní Peckham ní 1913. Nígbà tó yá, ó ń gbé ní ojúlé 164, Queen's Road, ilé náà sì di ibi ìsádi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti arìnrìn-àjò láti Karibíà àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí àwọn onílé àti òtẹ́ẹ̀lì ti lé lẹ́nu ọ̀nà. Láti inú irú ìyà yìí ni ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ní 1931, League of Coloured Peoples, ti rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù nìkan ni. Ní 1943, Imperial Hotel ní Russell Square kọ̀ láti gba Learie Constantine, ògbóǹtarìgì eléré kíríkẹ́ẹ̀tì láti Trinidad, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre ní 1944. Àwọn tiwa náà mọ ìṣòro yìí. Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1925, nígbà tó sì di 1933 ẹgbẹ́ náà ṣí ilé ìgbé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden Town.

Mo mú ọ̀rọ̀ Moody àti Ṣólàńkẹ́ wá síbí nítorí pé àwọn tó bá ń kọ ìtàn ìrìn-àjò afẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ka irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn, ó sì yẹ kí wọ́n kà á. Ẹni tó gbàlejò ń gbé ibẹ̀, ìyà tó jẹ àlejò ti jẹ òun náà rí, owó àti ọgbọ́n tó ti inú àlejò gbígbà jáde sì dúró sínú ilé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀nà kan náà ni àwọn ará erékùṣù tọ̀. Ọkọ̀ òkun Windrush kó wọn dé ní 1948; láti 1956 ni London Transport ti ń gba òṣìṣẹ́ láti Barbados gan-an. Òfin tí ìjọba ṣe ní 1965 ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ léèwọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó di 1968 kí òfin tó kan ilé gbígbé. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ọ̀pọ̀ ará Jàmáíkà ti da owó jọ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní pardner, tí àwa ń pè ní àjọ tàbí èésú, wọ́n ra àwọn ilé tó ti gbó, wọ́n sì ń fi yàrá rẹ̀ gba àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ilé wọn ni ilé yẹn. Kò sí ẹni tó lè ní kí wọ́n kó jáde nítorí pé àdúgbò ti dùn ún gbé.

Ìtàn Yorùbá ní Peckham bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà tó yàtọ̀, nítorí pé arìnrìn-àjò afẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ jẹ́ ní ìlú Òyìnbó. Nígbà tí owó epo ń ṣàn láàárín 1970 sí 1980, tí náírà lágbára ju dọ́là lọ, àwọn ará Nàìjíríà tí owó wà lọ́wọ́ wọn ń wọ bàálù wá rajà ní Oxford Street, wọ́n sì ń padà sílé pẹ̀lú àpótí rẹpẹtẹ. Ní 1986 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ físà di dandan fún ọmọ Nàìjíríà. Ọdún yẹn kan náà ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní SAP bẹ̀rẹ̀ tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Àlejò tó fẹ́ padà kò lè padà mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ìwé rẹ̀ kò wọlé mọ́ wá iṣẹ́ ṣe, ọ̀pọ̀ sì rí ilé káńsù gbà ní Southwark. Rye Lane tí Jones & Higgins fi sílẹ̀ ní 1980 ni wọ́n bá. Owó ilé ibẹ̀ ṣeé san, ilé ìtajà ńlá ti kó lọ, ẹni tó bá sì ní ìgboyà lè gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù, kí ó pín in fún alápatà, onídìrí àti ẹni tó ń ta káàdì fóònù.

Láti ọwọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀, àti àwọn ará Gánà, Jàmáíkà, Afghanistan, Pakistan àti Somalia, ni òpópónà tí ayé ń wá wò lónìí ti jáde. Suzanne Hall, onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga LSE, ṣe ìwádìí Rye Lane ní nǹkan bí 2012. Ó rí i pé àwọn tó ni òwò níbẹ̀ wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún, àti pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ṣọ́ọ̀bù aládàáni ni wọ́n ti pín sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi yá ẹlòmíràn. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ata rodo, èlùbọ́, panla, ìgbín, léèsì, àǹkárá àti irun àtọwọ́dá wà lábẹ́ òrùlé kan. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn Yorùbá tó ti kó lọ sí Kent, Essex tàbí Thamesmead a máa padà wá ra ohun tí wọn kò rí níbi tí wọ́n ń gbé, kí wọ́n tún ṣe irun, kí wọ́n sì rán aṣọ ẹbí. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n tún ń wá jọ́sìn: ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka 240 ìjọ tuntun tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn ní Southwark nìkan. Ó dá mi lójú pé ìrìn-àjò afẹ́ ni èyí. Wọ́n ń rìn láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń náwó, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n sì ń padà sílé. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ohun tí ará Peckham ń rà ni wọ́n ń rà, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbàárà Jones & Higgins ti ṣe láyé ọjọ́un. Àlejò láti Chatham tó ra iṣu máa ń jẹ́ kí iṣu wà fún ìyá àgbà tó ń gbé ní Choumert Road.

Àwọn tí kò mọ àdúgbò náà kò rí èyí, nítorí ìròyìn mìíràn ni wọ́n ń gbọ́. Ní ọdún 2000 Peckham Library, tí Will Alsop yàwòrán rẹ̀, gba ẹ̀bùn Stirling, èyí tó ga jù lọ fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Bìrìtìkó. Ní ọdún kan náà, ní oṣù Kọkànlá, wọ́n pa Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò tíì pẹ́ tó dé láti Nàìjíríà, ní North Peckham. Ìbànújẹ́ ńlá ni fún gbogbo wa, ojú ọgbẹ́ náà kò sì tíì jinná tán. Lẹ́yìn náà, orúkọ Peckham di ohun tí ìwé ìròyìn fi ń dẹ́rù ba ènìyàn. Nígbà tí àwọn ayàwòrán àti olórin bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n bá ibi tí àwọn ẹlòmíràn bẹ̀rù, tí owó ilé rẹ̀ sì wálẹ̀. Bold Tendencies bẹ̀rẹ̀ àfihàn iṣẹ́ ọnà lókè ilé ìgbọ́kọ̀sí ní 2007, Frank's Cafe tẹ̀ lé e ní 2009, ilé Bussey tí wọ́n ti ń ṣe igi kíríkẹ́ẹ̀tì nígbà kan rí di ibi ijó àti iṣẹ́ ọnà. Ní oṣù Kejìlá 2012, ọkọ̀ ojú irin Overground dé Peckham Rye, ó sì so ó mọ́ àwọn àdúgbò bíi Clapham àti Shoreditch. Báyìí ni àlejò tuntun ṣe dé, àlejò alẹ́, tí kò wá ra iṣu.

Èmi kò kórìíra àlejò yẹn. Púpọ̀ nínú wọn fẹ́ràn Peckham tọkàntọkàn, àwọn mìíràn nínú wọn sì jà pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò kí wọ́n má baà wó ilé Bussey láti fi àyè rẹ̀ kọ́ ibùdó ọkọ̀ tíráàmù. Ìṣòro wà nínú bí owó ilé ṣe ń rìn. Onílé tó rí i pé ilé ọtí lè san ìlọ́po ohun tí alápatà ń san kò ní fi ti alápatà ṣe nígbà tí ìwé àdéhùn bá parí. Òfin kan wà láti 1954 tó fún ayálégbé oníṣòwò ní ẹ̀tọ́ láti tún ìwé àdéhùn rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n onílé lè ní kí ayálégbé fọwọ́ sí i pé òun yọ ara òun kúrò lábẹ́ ààbò náà kí òun tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó wá gba àyè àga kan lọ́wọ́ ẹni tó gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní ìwé kankan tó lágbára lọ́wọ́. Ọgbọ́n pípín ṣọ́ọ̀bù sí wẹ́wẹ́ yìí, tó jẹ́ kí ẹni tí kò lówó lè bẹ̀rẹ̀ òwò, òun náà ni kò jẹ́ kó ní ibi tó lè dúró lé nígbà tí àyípadà dé. Ní 2019, Network Rail parí títa àwọn àyè abẹ́ afárá ojú irin rẹ̀ jákèjádò England àti Wales fún Blackstone àti Telereal Trillium, ní iye £1.46 bílíọ̀nù, gẹ́gẹ́ bí òwò tí owó ilé rẹ̀ lè gbéra sókè. Àwọn mẹkáníìkì, aránṣọ àti ìjọ tó wà lábẹ́ irú àwọn afárá bẹ́ẹ̀ rí i pé onílé wọn ti yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n.

Ohun tí àwọn erékùṣù ti fojú rí nìyí, wọ́n sì ti gbìyànjú ọ̀nà oríṣiríṣi. Ní Jàmáíkà, láti nǹkan bí 1980 ni àwọn ilé ìtura tí àlejò ti ń san gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbéra ti gbòde. Sandals àkọ́kọ́ ṣí ní Montego Bay ní 1981, ọmọ Jàmáíkà ló sì ni ín. Èyí kọ́ wa pé kí ọmọ ìbílẹ̀ ni òwò nìkan kò tó, nítorí pé àlejò tó ti san owó oúnjẹ, ọtí àti eré kò ní ìdí láti jáde sí ọjà. Gáḿbíà kì í ṣe erékùṣù, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kékeré ni, ìrìn-àjò afẹ́ sì ni ọ̀kan nínú ohun tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní 1999 ìjọba ibẹ̀ fòfin de irú àsanpọ̀ yìí kí àlejò lè máa jẹun lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú. Kò ju nǹkan bí ọdún kan lọ tí wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí òfin náà, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó àlejò wá láti Yúróòpù kò fara mọ́ ọn. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Maldives. Ní 1972 ni ilé ìtura àkọ́kọ́, Kurumba, ṣí; nígbà tó yá, erékùṣù tí ènìyàn kò gbé ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àlejò, ará ìlú sì ń gbé erékùṣù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 2009 ni wọ́n yí i padà tí wọ́n gba ará ìlú láàyè láti fi ilé tirẹ̀ gba àlejò. Erékùṣù Maafushi, tí wọ́n fi apẹja àti ẹ̀wọ̀n mọ̀ tẹ́lẹ̀, kún fún ilé àlejò tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣàkóso. Pàǹtírí àti ìfúnmọ́ra bá a wá, a kò gbọdọ̀ sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ìṣòro tí àwọn ará Maafushi lè jókòó lé lórí, nítorí pé ilé náà jẹ́ tiwọn.

Àwọn kan á ní mo ń ṣe àìmoore. Wọ́n á ní àlejò alẹ́ ló jí Peckham dìde, pé bí kò bá sí wọn, ṣọ́ọ̀bù á ti máa tì pa níbẹ̀ bí ó ti ń tì pa ní ọ̀pọ̀ ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí Hall dá wọn lóhùn, nítorí pé ó bọ́ sí ọdún tí Overground ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Òpópónà tí àwọn oníṣòwò ti ń pín ṣọ́ọ̀bù kan sí mẹ́ta nítorí pé àyè kò tó, kò sí bí a ṣe lè pè é ní òkú. Owó ń wọlé, ìjọba gan-an ni kò rí i, nítorí pé owó díẹ̀díẹ̀ bí ti ìyá alátẹ ni, kì í ṣe owó tí ó ń gba inú ìwé ilé iṣẹ́ ńlá. Mo gbà pé àlejò tuntun fi owó kún un. Ohun tí mò ń bèèrè ni ibi tí àfikún náà dé. Bí alápatà bá ń tà sí i tí onílé sì gba gbogbo èrè náà gẹ́gẹ́ bí owó ilé, a jẹ́ pé àlejò ti náwó ní Peckham, Peckham kò sì rí i.

Àtakò kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tọ́ kí a gbé e yẹ̀ wò láìfi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n ní àwa Yorùbá náà gba ipò ẹlòmíràn, pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì mẹ̀kúnnù tó ń rajà ní Jones & Higgins kò sí níbẹ̀ mọ́, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó lọ sí Kent láti ra ilé tó ní ọgbà; àwọn ọmọ wa di agbẹjọ́rò àti nọ́ọ̀sì, wọn kò fẹ́ jókòó ti àpò gaàrí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òpópónà kò gbọdọ̀ dì bí yìnyín. Ṣùgbọ́n àwọn tó dé lẹ́yìn 1980 bá ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo. Wọn kò fi owó gọbọi lé ẹnikẹ́ni jáde. Àwọn tó kó lọ sí Kent kò sì kó ìfẹ́ wọn lọ: wọ́n di àlejò, wọ́n sì ń padà wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Àlejò yìí gan-an ni àwọn aṣètò ìlú kì í kà nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè ètò àlejò. Wọ́n mọ iye ènìyàn tó wá wo àfihàn iṣẹ́ ọnà; ta ni ó ti ka iye àwọn tó wá di gèlè fún ìgbéyàwó ọjọ́ Àbámẹ́ta? Bí ọjà iṣu bá tú, àlejò alẹ́ kò ní fura, àlejò Kent ni kò ní wá mọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní onílẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì ń tẹ̀ ẹ́ basubasu; ẹni tó kó lọ tó sì ń padà wá rajà ṣì ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé erékùṣù ní ìjọba àti òfin, pé Peckham kò ní nǹkan kan ju káńsù lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Gáḿbíà fi hàn pé ìjọba àti òfin nìkan kò tó nígbà tí ẹlòmíràn bá di ìdí òwò mú. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ní Peckham fúnra rẹ̀ fi hàn pé àṣẹ ìbílẹ̀ lè tó bí ó bá di ilẹ̀ mú. Ní 1868, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ti sọ ilẹ̀ di wúrà tí àwọn akọ́lé sì ń wá àyè, Camberwell Vestry, ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà náà, ra ẹ̀tọ́ tó wà lórí pápá Peckham Rye kí wọ́n má baà kọ́lé sórí rẹ̀. Ní 1894 wọ́n ṣí ọgbà Peckham Rye mọ́ ọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ eléré gọ́ọ̀fù fi ọgbà yí òkè One Tree Hill tó wà nítòsí ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tú jáde ní 1897 láti fi ẹ̀hónú hàn. Òkè náà padà sọ́wọ́ gbogbo ìlú ní 1905. Bí ọlọ́rọ̀ tuntun bá kó dé Peckham lónìí, ó lè sáré lórí Rye, ó lè jókòó níbẹ̀, kò lè gbé owó ilé rẹ̀ sókè lórí ẹni tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn ará ìgbà náà fi owó ìlú dáàbò bo koríko. Ọjà tó ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yẹ fún irú ìtọ́jú yẹn.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà. Káńsù Southwark ló ni ilé ìgbọ́kọ̀sí tí gbogbo ayé ń gùn, ó sì ti fi àwọn ìpele rẹ̀ sílẹ̀ láti 2017 fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà, ọtí àti oúnjẹ, tí wọ́n ń pè ní Peckham Levels. Nígbà tí iṣẹ́ àtúnṣe iwájú ibùdókọ̀ lé àwọn onídìrí kúrò ní Blenheim Grove, káńsù ṣètò Peckham Palms fún wọn, ohun rere ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ti ń dirun lójú ọ̀nà níbi tí èrò ọkọ̀ ti ń jáde mọ̀ pé inú ilé lẹ́yìn òpópónà kò jọ ojú ọ̀nà. Ìlànà ilé kíkọ́ Southwark tún ní kí ilé ńlá tuntun fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àyè iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan. Àwọn nǹkan wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ilé ni wọ́n dojú kọ jù, ọ̀rọ̀ iye ọdún tí àdéhùn máa fi dúró ni ó ń pa àwọn oníṣòwò. Ẹ̀dínwó ọdún mẹ́ta kò wúlò fún alápatà tó fẹ́ ra fìríjì ńlá, nítorí pé ọdún mẹ́ta kò tó san gbèsè fìríjì náà. Ilé iṣẹ́ akọ́lé Berkeley tún gbé ètò kalẹ̀ fún Aylesham Centre, lẹ́bàá Rye Lane, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé gbígbé, ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn sì ti dá lé iye ilé tí ará àdúgbò lè san owó rẹ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ sọnù nínú ariwo náà. Kí orúkọ alápatà, onídìrí àti ìyá oníṣu tó gba ìdajì àyè wọ inú ìwé àdéhùn gẹ́gẹ́ bí ayálégbé tí òfin 1954 dáàbò bò, kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó yọ wọ́n kúrò níbẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ ra ìlà ṣọ́ọ̀bù díẹ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀ bí Vestry ti ra Rye, kí ó sì fi wọ́n lé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Iye ọdún tí wọ́n bá kọ sínú ìwé náà ni kí àwọn ará Rye Lane kọ́kọ́ bèèrè, kí wọ́n tó bèèrè iye owó.